Ẹ̀gbọ́n Mi Wáyà àti Ogun Inú Máṣíìnì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé géèmù ló ba ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, ẹ bá mi sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, kó wá bá mi níbi iṣẹ́ mi kí n tún un sọ fún un lójúkojú. Ẹ̀gbọ́n mi kì í mutí, kì í jalè, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ nìkan ló mọ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Wáyà, àwọn ọmọdé ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá Wáyà. Èmi àbúrò ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi ni mò ń pè é, àfi tí inú bá ń bí mi, ìgbà yẹn ni mo máa ń pè é ní Wáyà bí ará ìta. Kí n má purọ́, inú kì í pẹ́ bí mi.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ló ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá náà burú. Tí ọmọṣẹ́ bá jó nǹkan, á fi áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ òjé mọ́ wáyà kàn án lápá. Àpá mẹ́ta ló wà lápá òsì ẹ̀gbọ́n mi, ó sì máa ń sọ pé àwọn ni ìwé-ẹ̀rí òun. Kò tíì rí ṣọ́ọ̀bù gbà nígbà tí Ọ̀gá Dígí gbé máṣíìnì àkọ́kọ́ dé. Ọ̀gá Dígí là ń pe ọkùnrin yẹn nítorí dígí dúdú tí kì í kúrò lójú ẹ̀, kódà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Máṣíìnì náà ga tó èèyàn, ó dà bíi kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ki tẹlifíṣọ̀n bọ̀ nínú. Igi funfun méjì ló wà nínú tẹlifíṣọ̀n náà, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan á máa ta láàárín wọn bíi bọ́ọ̀lù. Ìyẹn nìkan o! Àwọn èèyàn wá láti ìlú kejì, wọ́n ń sanwó láti gbá ìmọ́lẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, máṣíìnì náà kú. Àwọn àgbà onírédíò wá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n gbowó ọkọ̀, wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní tiẹ̀ tú ẹ̀yìn ẹ̀, ó ki imú bọ̀ ọ́, ó ń gbóòórùn bí ẹni ń wá ibi tí ọbẹ̀ ti jóná. Ó yọ nǹkan kan, ó fi òmíràn sí i, ìmọ́lẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ọ̀gá Dígí ní, "Wáyà, o ò lọ síbì kankan mọ́ láyé ẹ." Bó ṣe rí náà nìyẹn.

Yàrá tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí tẹ́lẹ̀ ni Ọ̀gá Dígí fi ṣe ilé géèmù. Ó gùn, ó ṣókùnkùn, tí ooru bá sì mú, òórùn ẹja á máa jáde lára ògiri. Lẹ́yìn máṣíìnì onígi méjì, ti ọkọ̀ òfuurufú dé, ti mọ́tò tó ń sáré dé, títí tí wọ́n fi kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ògiri. Èmi ni wọ́n fi sídìí kọ́ìnì. Inú àpótí onírin kan ni mo máa ń jókòó sí, ihò kékeré kan wà níwájú mi, wọ́n á na owó wọlé, èmi á na kọ́ìnì idẹ síta. Gbogbo ọwọ́ ìlú yìí ni mo mọ̀. Mo mọ ọwọ́ onígbèsè, mo mọ ọwọ́ ọmọ tó jí owó ìyá ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, torí àwọn ọmọ òde òní rò pé inú fóònù ni géèmù ti hù. Lókè òkun lọ́hùn-ún, wọ́n á ṣe máṣíìnì, àwọn ọmọ wọn á ta á títí á fi sú wọn, wọ́n á wá kó o sínú kòǹténà, á dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú ṣingọ́ọ̀mù gbígbẹ lábẹ́ bọ́tìnnì. Tó bá tún sú àwọn tiwa, Ọ̀gá Dígí kì í ra tuntun. Ahun ni, kì í ṣe pé mò ń bú u. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń yí inú ẹ̀ padà. Inú àwọn nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan tí ẹsẹ̀ wọn pọ̀ bíi ti ọ̀kùn ni eré náà ń gbé, ojú gíláàsì kékeré kan sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Tí o bá gbé e sábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò kan, gbogbo ohun tó mọ̀ ló máa gbàgbé, o lè wá kọ́ ọ ní nǹkan mìíràn. Mo máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé kó bá wa wá iná kan tó ń mú nǹkan rántí, ká gbé Bàbá sábẹ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í bá mi rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Torí Bàbá wa ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ṣe ṣẹlẹ̀. Bàtà ni Bàbá ń tún ṣe níwájú ilé wa, ó ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ó ja ogun inú igbó, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa. Àwọn ọ̀dọ́ sá wọ igbó pẹ̀lú ìbọn tí alágbẹ̀dẹ rọ. Ìjọba wá kó àwọn tó kù nílé sínú ọgbà oníwáyà ẹlẹ́gùn-ún, àtarúgbó àtọmọ ọwọ́, kí wọ́n má bàa rí oúnjẹ gbé lọ fún àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí wọ́n mú Bàbá, wọ́n fi í sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n títí ogun fi parí, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹnu aládùúgbò la ti gbọ́ gbogbo ìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń sọ ìtàn ogun kiri, ọta ìbọn tó ba ẹnì kan lápá lọ́dún yìí á ti dé àyà ẹ̀ tó bá di ọdún tó ń bọ̀. Bàbá wa ò ní sọ ju "Ó ti kọjá" lọ. Tí o bá tún bi í, á máa kan ìṣó mọ́ bàtà.

Fọ́tò kan wà ní pálọ̀ wa, ti ẹ̀gbọ́n Bàbá, ọmọ ìyá ẹ̀. Orí àti ọrùn nìkan ló hàn: irun tó là sí méjì, irunmú tín-ín-rín, ojú ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Màmá Àgbà, ìyá tó bí Bàbá, sọ fún wa kó tó kú pé àwọn òyìnbó ló yìnbọn pa á lójú ọ̀nà. A ò mọ nǹkan mìíràn nípa ẹ̀. Bàbá Inú Fọ́tò là ń pè é, òun àti ẹ̀gbọ́n mi sì jọra bí ìbejì. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n mi nídìí oúnjẹ, ó máa ń tètè gbé e kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé Bàbá ò fẹ́ràn òun ni.

Láti kékeré ló ti ń bi í. Báwo ni Bàbá Inú Fọ́tò ṣe kú? Ṣé ẹ wà níbẹ̀? Kí lẹ ṣe fún àwọn tó pa wọ́n? Bàbá á kan ìṣó. Lọ́dún tí dókítà sọ fún wa pé ọkàn Bàbá ti rẹ̀, pé kò ní pẹ́ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nídìí kọ́ìnì, ojú ẹ̀ pọ́n kankan. Ó ní, "Àbúrò mi, tí Bàbá bá lọ láìsọ̀rọ̀, a jẹ́ pé mi ò ní bàbá rí nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn." Mo ní kó yé ṣe bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n àánú ẹ̀ ṣe mí, ọkùnrin tó ti ní irun àgbọ̀n tó ń sunkún nítorí ìtàn.

Ọdún yẹn náà ni Ọ̀gá Dígí gbé máṣíìnì ogun dé. Ẹ gbọ́ o, nígbà tí àwọn tó ń ṣe géèmù lókè òkun yìnbọn pa gbogbo ará òfuurufú tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn tí wọ́n máa pa, àwa ni wọ́n rí. Lára máṣíìnì yẹn, wọ́n ya òyìnbó kan tó dé akete líle, bàtà ẹ̀ kan orúnkún, ìbọn ẹ̀ gùn. Lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀, àwọn èèyàn kéékèèké ń sá kiri nínú igbó bí èèrà. Tí o bá fi kọ́ìnì sí i, ìwọ lo di òyìnbó yẹn. Wọ́n á máa yọ láìwọ bàtà, ìwọ á máa pa wọ́n. Àwọn ọmọ wa tò sídìí ẹ̀, wọ́n ń sanwó láti pa àwọn bàbá wọn. Mo rí ọmọ kan tí ìyá bàbá ẹ̀ kú sínú ọgbà oníwáyà, tó ń fò sókè pé òun ti pa ọgọ́rùn-ún! Mo tún ta kọ́ìnì fún un. Iṣẹ́ mi ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Ó dúró lẹ́yìn àwọn ọmọ náà, ó wò ó títí, ó wá ní, "Mo máa yí i padà." Ó lọ ra ìwé oníṣirò, èyí tó kún fún àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tó ń pè ní igun, ó ń fi pẹ́ńsù kun inú wọn. Igun kan, ìmọ́lẹ̀ kan. Ó ní igun mẹ́rìndínlógún ni gíga èèyàn nínú máṣíìnì yẹn, a ò lè fi kún un. Nínú ìwọ̀nba yẹn ló ti fẹ́ ya Bàbá Inú Fọ́tò. Irun tó là sí méjì gba igun mẹ́ta. Irunmú gba méjì. Ó gbé fọ́tò kúrò lára ògiri pálọ̀, ó gbé e ka iwájú, ó ń yà, ó ń pa á rẹ́, ó ń yà. Mo ní, "Wáyà, ẹni tí ò tó ìka ọwọ́, ta ló máa dá irunmú ẹ̀ mọ̀?" Ó ní, "Ẹni tí mo torí ẹ̀ ṣe é máa dá a mọ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi sínú máṣíìnì, Bàbá Inú Fọ́tò yọ ní ìdoríkodò, ó ń fi orí rìn nínú igbó. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan nínú wọn jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e padà sábẹ́ iná àlùkò, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó máa fi parí, ogun ti yí padà. Ìwọ tí o fi kọ́ìnì sí i lo di ará igbó, ojú Bàbá Inú Fọ́tò ló wà lọ́rùn ẹ. Àwọn òyìnbó olójú pupa ló ń rìn bọ̀ lójú ọ̀nà, ìwọ ló ń pa wọ́n. Ó tiẹ̀ fi dígí dúdú sójú olórí wọn. Ọ̀gá Dígí ti ta géèmù yẹn bí ẹni máa kú, títí dòní kò mọ̀ pé òun lòun ń pa.

Àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀. Wọ́n tò dé òde. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ò wojú àwọn ọmọ. Bàbá ló ń dúró dè. Lójoojúmọ́ ló ń bẹ̀ wọ́n: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo iṣẹ́ mi." Bàbá á ní ọwọ́ òun dí. Ẹsẹ̀ ń dun òun. Bàtà alábàtà ń bẹ nílẹ̀. Ó sú mi. Mo jáde lọ bá Bàbá níwájú ilé, mo ní, "Bàbá, ọmọ yín ti gbé Bàbá Inú Fọ́tò sínú tẹlifíṣọ̀n, ó ń rìn, ó ń yìnbọn. Tí ẹ ò bá wá wò ó, ó tán nìyẹn, àmọ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ń rìn." Òòlù dúró lọ́wọ́ Bàbá. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Ó ní, "Ó ń rìn báwo?"

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Bàbá tiro wọ ilé géèmù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé ẹ̀. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀. Kọ́ìnì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó lé àwọn ọmọ sẹ́yìn, ó dúró sídìí máṣíìnì, ó ní, "Bàbá, ẹ sún mọ́ ọn. Ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ni."

Bàbá gbé ojú sún mọ́ gíláàsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án. Èèyàn kékeré náà jáde láti inú igbó, ó dúró, ó gbé ìbọn. Bàbá fi apá ṣẹ́ẹ̀tì nu gíláàsì. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn."

Hẹn-ẹn! Ẹ wo ojú Wáyà. Èèyàn á rò pé wọ́n fi í jọba. Ó ń ta géèmù náà lọ, ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá bí ọmọdé: "Àwọn nìyẹn, Bàbá. Ẹ wò ó, wọ́n ń gba ẹ̀san lára gbogbo àwọn tó ń bọ̀ yẹn."

"Àwọn wo nìwọ̀nyẹn?"

"Àwọn òyìnbó tó pa wọ́n ni."

Bàbá fi ìka kan gíláàsì, níbi tí àwọn olójú pupa ti ń bọ̀. Ó ní, "O ti gbé e síbi tí kì í ṣe tiẹ̀. Ìhà ibí ló wà."

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ ọ yé. Èmi gbọ́ ọ láti inú àpótí mi, ó yé mi. Mo jáde, mo lé gbogbo àwọn ọmọ síta, mo ní wọ́n máa padà wá gba kọ́ìnì wọn. Mo gbé àpótí ìjókòó fún Bàbá. Àwọn máṣíìnì tó kù ń dá kọrin lára ògiri, kò sẹ́ni tó rántí pa wọ́n.

Bàbá ní, "Àwọn olójú pupa yìí, inú ọkọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n máa ń wà. Àwọn kọ́ ló ń rìn níwájú. Àwọn ọmọ wa ni wọ́n wọ kákí fún, wọ́n ní kí wọ́n máa rìn lọ síwájú ọkọ̀, kí ìbọn wa lè kọ́kọ́ bá àwọn yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú wọn."

"Irọ́ ni, Bàbá." Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí Bàbá rí nílé wa.

Bàbá ò bínú. Ó ní, "Oúnjẹ ni wọ́n fi mú un. Ẹni tó bá wọ kákí, wọ́n ń fún ìyá ẹ̀ lóúnjẹ nínú ọgbà wáyà. Èmi sá wọ igbó, mo ní mò ń jà fún ìyá mi. Òun ló ń bọ́ ọ."

Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ, ohùn ẹ̀ kò yí padà, bí ẹni ń sọ bí wọ́n ṣe ń rán bàtà. Ó ní kọ́nà kan ni àwọn ba sí. Ó ní ìrìn ẹ̀ lòun kọ́kọ́ mọ̀, kí òun tó rí ojú ẹ̀, torí ó máa ń ju èjìká òsì sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹrù. Olórí àwọn ará igbó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. Ó ní kí Bàbá kọ́kọ́ yìnbọn, kó yìn ín lu ẹni tó ṣáájú, tí ẹni iwájú bá ti ṣubú, ọkọ̀ ò ní lè kọjá.

"Ó yíjú sínú igbó," Bàbá ní. "Ó rí mi. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ìbọn wà lọ́wọ́ ẹ̀, tiẹ̀ dáa ju tèmi lọ. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ báyìí." Bàbá rọ ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan. "Kò yìnbọn. Èmi yìnbọn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún, ó kàn di máṣíìnì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ lábẹ́ ẹ̀. Ó ní, "Màmá Àgbà ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀?"

"Ó mọ̀. Ó gé kákí kúrò lára fọ́tò, ó fi orí sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo dé láti àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n, ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó ní, ‘Òyìnbó ló pa ẹ̀gbọ́n ẹ. Ohun tí àwọn ọmọ ẹ máa gbọ́ nìyẹn.' Mo jẹ oúnjẹ náà." Bàbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, bí ẹni pé oúnjẹ yẹn ṣì wà níbẹ̀. "Ìwọ lo wá gbé ojú ẹ̀ wá sílé mi."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Gbogbo ayé ló ń pa òwe yẹn, àfi ìgbà tó bá kàn ẹ́ lo máa mọ bó ṣe wúwo tó. Mo bínú sí Bàbá lọ́jọ́ yẹn. Mo bínú sí Màmá Àgbà nínú sàréè. Èyí tó burú jù ni pé ìbínú mi sí àwọn òyìnbó tó jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́yìn nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mi ò sì rí ẹnì kankan tí mo lè lọ pariwo lé lórí. Wọ́n ti lọ sílé wọn. Wọ́n ti ń ṣe géèmù.

Bàbá dìde. Ó ti ń lọ, ó tún dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe Wáyà ló pè é, ọmọ mi ló pè é. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o lè dá a padà síbi tó wà?"

"Ibo, Bàbá?"

"Kó wọ kákí. Kó máa rìn níwájú ọkọ̀. Kó o wá fi èmi sínú igbó."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kò ṣeé ṣe. Irọ́ ló ń pa, mo mọ̀, ó ti ṣe èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá kàn dúró, ó ń wò ó. Ó ní, "Àwọn sọ́jà inú ẹ̀, ṣé gbogbo wọn ló ń yìnbọn?"

"Gbogbo wọn ni, Bàbá. Tẹ́ ẹ bá ti yọ jáde, wọ́n á yìnbọn."

"Tí ẹni tó wà nínú igbó ò bá tẹ nǹkan kan ńkọ́?"

"Wọ́n á pa á."

"Ó dáa," Bàbá ní. "Ṣe é fún mi."

Ó ṣe é. Mi ò mọ ohun tó ń rò bó ṣe jókòó ti ìwé oníṣirò yẹn, tó ń ya kákí sára ọkùnrin kan náà tó ti fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan yà gẹ́gẹ́ bí akọni. Ó ya èjìká òsì tó sọ kalẹ̀ díẹ̀. Mo gbé tíì lọ fún un, kò mu ún. Òjé gbígbóná kán sí i lápá, kò tiẹ̀ gbọ̀n ọ́n dànù. Nígbà tó yá, omi ojú ẹ̀ ń kán sórí ìwé, ó ń ba àwọn igun tó ti kùn jẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara ẹ̀. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fi í sílẹ̀." Ó ní òun ló bèèrè, òun ló ní kí Bàbá sọ̀rọ̀, wọ́n ti sọ̀rọ̀, kò sí ohun tí òun tún lè sọ pé òun ò ní ṣe fún wọn.

Látìgbà náà ni Bàbá ti ń wá lójoojúmọ́, tí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀. Dókítà tó ní kò ní pẹ́ ti kó kúrò ní ìlú yìí, Bàbá ṣì wà. Àwọn géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n nílé ti dé, àwọn ọmọ tó lówó ti dúró sílé wọn, Ọ̀gá Dígí ti ń ta àwọn máṣíìnì rẹ̀ fún àwọn tó ń fi pákó ẹ̀ ṣe ilé adìyẹ. Ti ogun nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kó tà. Ó ń tún un ṣe, ó ń nu gíláàsì ẹ̀ láràárọ̀. Àmọ́ tí ó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá lóde, á gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Ọkùnrin tó ti bẹ bàbá ẹ̀ títí pé kó wá wo iṣẹ́ òun! Ẹ̀yìn ilé ló máa ń jókòó sí, lórí àpótí ẹja, títí Bàbá á fi lọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́, mo ti pè é ní ojo, mo ti pè é ní Wáyà. Kò wọlé.

Bàbá máa ń fi kọ́ìnì sí i, á wá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ará igbó á jáde, á dúró. Ẹni tó ju èjìká òsì sílẹ̀ á máa bọ̀ lójú ọ̀nà, níwájú ọkọ̀. Á dúró, á gbé ìbọn, á yìn ín. Ará igbó á ṣubú. Bàbá á fi kọ́ìnì mìíràn sí i.

Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gá Dígí wọlé bá a níbẹ̀. Ó dúró wò ó títí, ó rò pé àgbà ò mọ̀ ọ́n ta. Ó yọ dígí lójú, èmi ò rí i kó yọ ọ́ rí, ó tẹ̀ síwájú pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fi ìka hàn án. Ó ní, "Bàbá, ẹ tẹ èyí tó pupa yìí. Tẹ́ ẹ bá ti rí i tó yọ, ẹ tètè tẹ̀ ẹ́, ẹ máa pa á kó tó pa yín."

Bàbá ò wojú ẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀." Ó tiro wá sí ìdí ihò mi, ó na ọwọ́ wọlé, mo fi kọ́ìnì mìíràn sí i lọ́wọ́.